Àwẹ̀ró àti Ìkòkò Tí Gbogbo Ayé Jáwé Sí

Ààlọ̀ o!

Ààlọ̀!

Ẹ dá mi lóhùn bí ẹni tó jẹun yó. Ààlọ̀ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ̀ mi kò dá lórí ọba, kò sì dá lórí ọmọ ọba. Ààlọ̀ mi dá lórí Àwẹ̀ró, ìyàwó Ọdẹ́rìndé. Ó sì dá lórí ìkòkò àgbo kan tí gbogbo ènìyàn jáwé sí, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ sún mọ́ mi. Ìwọ tó na ẹsẹ̀ sínú eérú, ká ẹsẹ̀ rẹ. Ẹ̀yin ìyàwó ilé tí ẹ ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí lọ́hùn-ún, tí ẹ ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Inú ń bí mi nírọ̀lẹ́ òní, n kò sì ní fi pamọ́.

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí ẹranko àti ènìyàn jọ ń gbé, tí wọ́n jọ ń kí ara wọn ní ẹ kú àárọ̀, Àwẹ̀ró wà ní abúlé kan tó ń jẹ́ Òkè-Àsùnwọ̀n. Ó fẹ́ Ọdẹ́rìndé, àgbẹ̀ oníṣu. Ọdún kan kọjá, Àwẹ̀ró kò lóyún. Ọdún kejì kọjá, kò lóyún. Ọdún kẹta kọjá, wọ́n ti ń fi ojú wò ó, wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ bó bá ti yí ẹ̀yìn padà. Ní ọdún kẹrin, oyún dé. Àwẹ̀ró kò kọ́kọ́ sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń fọwọ́ pa ikùn rẹ̀ lábẹ́ ìró, ó ń dá rẹ́rìn-ín nídìí odò.

Ẹni àkọ́kọ́ tó sọ fún ni Ìyá Ẹfúnkẹ́, agbẹ̀bí tó ń gbé ní òdìkejì odò. Ìyá arúgbó yìí ti gbẹ̀bí fún ìyá, ó ti gbẹ̀bí fún ọmọ, ó ti gbẹ̀bí fún ọmọ ọmọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Bí aboyún bá wọlé tọ̀ ọ́, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé, "Oṣù mélòó?" Bí wọn kò bá dá a lóhùn, kò ní fọwọ́ kan ewé.

Ó tẹ ikùn Àwẹ̀ró wò, ó ní, "Oṣù kẹta ni. Máa jẹ ẹ̀wà, máa jẹ ẹ̀fọ́ tí o bá fọ̀ dáadáa, má gbé ẹrù wúwo, kí o sì máa wá kí n máa wò ọ́."

Àwẹ̀ró ní, "Àgbo ńkọ́, mà?"

Ìyá Ẹfúnkẹ́ ní, "N kò fún ọ ní ọ̀kankan. Ara rẹ le, kí lo fẹ́ fi àgbo wò? Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ewé wá bá ọ, ìbáà ṣe ìyá tó bí ọ, gbé e wá kí n rí i kó tó kan omi. Ewé tó ń ti ọmọ jáde lóṣù kẹsàn-án, òun náà ni yóò tì í jáde lóṣù kẹrin. Ewé kò mọ oṣù kà. Ènìyàn ló yẹ kó mọ̀ ọ́n."

Àwẹ̀ró ní òun gbọ́. Ó sì gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí ilé ọkọ ṣe rí.

Nígbà tó di oṣù kẹrin, ikùn yọ, kò ṣeé bò mọ́. Inú gbogbo agbo ilé dùn. Ọdẹ́rìndé gbé ìkòkò tuntun ka ààrò lẹ́yìnkùlé. Àṣà wọn níbẹ̀ ni pé bí aboyún bá wà nílé, ìkòkò àgbo rẹ̀ ní láti wà lórí iná, ẹni tó bá sì fẹ́ràn rẹ̀ ni yóò wá já ewé tirẹ̀ sí i. Bí omi bá fà, wọn a bu omi kún un. Bí ewé bá rọ̀, wọn a já òmíràn lé e. Wọn kì í da ti àná nù. Wọ́n ní bí ìkòkò bá ṣe kún tó, bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ ṣe pọ̀ tó. Ìfẹ́ gbáà. Ìfẹ́ tí kì í béèrè ọ̀rọ̀ kó tó ki ọwọ́ bọ ìkòkò onítọ̀hún, irú ìfẹ́ wo nìyẹn?

Ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ dé. Àárọ̀ kùtù ni. Kò kágò, ó kàn ya wọlé, ẹnu rẹ̀ ń jẹ, ewé kan sì wà létè rẹ̀.

"Mẹ̀ẹ̀ẹ̀. Ìyàwó wa, a kú oríire o. Gba ewé yìí. Òun ni mo jẹ nígbà tí mo lóyún. Ìbẹ́ta ni mo bí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dìde rìn lọ́jọ́ náà."

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, mà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé e lọ han Ìyá Ẹfúnkẹ́."

Ewúrẹ́ dá ẹnu jíjẹ dúró. "Han ta ni? Ṣé àjẹ́ lo pè mí ni? Èmi tí mo ti bímọ mẹ́sàn-án, ṣé èmi ni n ó wá pa ọmọ tó wà nínú rẹ?"

Ó gbé ohùn sókè kí àwọn ará ilé lè gbọ́. Àwọn ará ilé sì gbọ́. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú fèrèsé. Ẹnì kan ń béèrè pé, "Kí ni ìyàwó sọ?" Òmíràn ní, "Ó ní àjẹ́ ni Ewúrẹ́." Bẹ́ẹ̀ Àwẹ̀ró kò la ẹnu sọ ohun tó jọ ọ́.

Ojú ti Àwẹ̀ró. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà." Ewúrẹ́ já ewé náà sínú ìkòkò, pọ́rọ́. Ìkòkò hó, kútú, kútú, kútú. Àwẹ̀ró bu igbá kan, ó mu ún, gbùú, gbùú, gbùú.

Ẹ gbọ́ ná. Ewúrẹ́ tí ń jẹ èèpo iṣu, tí ń jẹ páálí, tí ń jẹ aṣọ tí a sá sórí okùn, òun ló wá ń júwe ohun tí ènìyàn yóò mu. Ṣé ikùn ewúrẹ́ ni ikùn ènìyàn? Ohun tó bá a lára mu, ta ló sọ fún un pé yóò bá ọmọ ọlọ́mọ mu? Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi í. Gbogbo wọn ń patẹ́wọ́ pé ó ṣeun.

Nígbà tó di ọ̀sán, Àwẹ̀ró jókòó sábẹ́ igi, ó gbọ́ ohùn kékeré kan nínú ikùn ara rẹ̀. Ọmọ ló ń kọrin. Bí mo bá ti dá a, ẹ bá mi gbè é.

Ìyá mi, kí ló wà nínú ìkòkò?
*Ọmọ ń bi ọ́ o.*
Ewé ta ni, gbòǹgbò ta ni?
*Ọmọ ń bi ọ́ o.*
Ẹni tó já a, ṣé ó mọ oṣù mi?
*Ọmọ ń bi ọ́ o.*
Ẹni tó sè é, ṣé ó gbọ́ ohùn mi?
*Ọmọ ń bi ọ́ o.*

Àwẹ̀ró fọwọ́ lé ikùn. Ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé bí ilẹ̀ bá mọ́, òun yóò sọdá odò lọ bá Ìyá Ẹfúnkẹ́. Ilẹ̀ mọ́, Ọ̀bọ sì ti dé.

Orí igi ni Ọ̀bọ gbà wá, wọ̀ọ̀, wọ̀ọ̀, wọ̀ọ̀, ó fò sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, gbì. Ọ̀bọ yìí ni alágbo gbogbo agbègbè. Ó gbé ṣágo kan kọ́ èjìká, gbòǹgbò kún inú rẹ̀ fọ́fọ́.

"Ìyàwó, ewé lásán lẹ ń sè níbí? Gbòǹgbò ló ni agbára. Eléyìí ń wo ibà, ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ó ń wo ẹ̀yìn ríro, ó ń wo ojú, ó ń wo oyún."

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, bàbá. Kí lẹ fi rẹ ẹ́?"

"Ọtí líle ni. Òun ló ń fa agbára gbòǹgbò jáde."

"Báwo ni mo ṣe máa mu ún? Ìwọ̀n wo?"

Ọ̀bọ rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ funfun báláú. "Ta ló ń wọn gbòǹgbò? Bó bá ṣe ń korò tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Máa mu ún títí ara rẹ yóò fi sọ pé ó tó."

Àwẹ̀ró ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ Ìyá Ẹfúnkẹ́, bàbá."

Ọ̀bọ ní, "Béèrè kí ni? Ohun tí Ọlọ́run dá sínú igbó, ṣé ó lè ṣe ènìyàn ní ibi? Èmi ni mo wo ibà ọkọ rẹ níjelòó. Àbí o fẹ́ sọ fún gbogbo ayé pé òmùgọ̀ ni ọkọ rẹ?"

Ọdẹ́rìndé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń wo ilẹ̀. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Irú ọkọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ nílẹ̀ yìí. Bí ọ̀rọ̀ ìyàwó bá dé, wọ́n á máa ka èèrà.

Ọ̀bọ da ṣágo sínú ìkòkò, gbọ̀lọ̀, gbọ̀lọ̀, gbọ̀lọ̀. Ìkòkò hó, kútú, kútú, kútú. Àwẹ̀ró bu igbá kan, ó mu ún, gbùú, gbùú, gbùú.

Ohun tí Ọlọ́run dá sínú igbó, Ọ̀bọ ní kì í ṣe ibi. Ta ló wá dá ejò? Ta ló dá èsìsì tó ń jó ènìyàn lára? Ta ló dá ewé olóró tí wọ́n ń rún sínú odò tí ẹja fi ń kú sójú omi? Ọ̀bọ mọ gbogbo èyí, nítorí igbó náà ló ti wá. Irọ́ ló ń pa, ó sì ń fi orúkọ Ọlọ́run bò ó.

Láti ọjọ́ náà ni òòyì ti ń kọ́ Àwẹ̀ró lójú. Bó bá dìde, ilé a yí. Ó jókòó sábẹ́ igi, ọmọ tún kọrin, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

Ìyá mi, kí ló wà nínú ìkòkò?
*Ọmọ ń bi ọ́ o.*
Ewé ta ni, gbòǹgbò ta ni?
*Ọmọ ń bi ọ́ o.*

Ó dákẹ́ síbẹ̀. Kò lè parí rẹ̀.

Nígbà tó wọ oṣù karùn-ún, Àwẹ̀ró sọ fún ara rẹ̀ pé ó tó. Ó mú ìró kejì, ó mú ọ̀pá, ó ń lọ sí òdìkejì odò. Ibi tó ti fẹ́ yọ lẹ́nu ọ̀nà ni ìyá ọkọ rẹ̀, Ìyá Ọdẹ́rìndé, ti pàdé rẹ̀. Ìyá yìí kì í ṣe ènìyàn burúkú. Èyí gan-an ló ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó fẹ́ràn Àwẹ̀ró. Láàárín ọdún mẹ́ta tí àwọn yòókù ń sọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, kò bá wọn sọ ọ́. Ó di ìdì ewé kan mọ́ àyà, ó ń mí hẹlẹ, nítorí ọ̀nà jíjìn ló ti rìn.

Ó ní, "Ọmọ mi, mo rí i. Ewé àbíwẹ́rẹ́ nìyí. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rọbí ọkọ rẹ, wọ́n ti ń wá ibi tí wọ́n máa sin mí sí. N kò fẹ́ kí ojú rẹ rí ohun tí ojú mi rí."

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Ìyá mi, oṣù karùn-ún ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wà."

"Mo mọ̀. Bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ ìkúnlẹ̀ á rọrùn."

"Ìyá Ẹfúnkẹ́ ní kí n máa kọ́kọ́ fi ewé han òun. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

Ìyá Ọdẹ́rìndé kò pariwo bíi ti Ewúrẹ́. Kò halẹ̀ bíi ti Ọ̀bọ. Ó jókòó sílẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní, "O mu ti Ewúrẹ́. O mu ti Ọ̀bọ. Tèmi ni o fẹ́ gbé lọ yẹ̀ wò. Kí ni mo wá jẹ́ sí ọ, Àwẹ̀ró?"

Àwẹ̀ró wo omijé àgbà. Ó wo ọ̀nà odò. Ó padà wọlé.

Ìyá já ewé àbíwẹ́rẹ́ sínú ìkòkò, pọ́rọ́. Ìkòkò hó, kútú, kútú, kútú. Àwẹ̀ró bu igbá kan, ó mu ún, gbùú, gbùú, gbùú. Ìyá ní kó mu èkejì. Ó mu èkejì.

Ọmọ kọrin.

Ìyá mi, kí ló wà
*Ọmọ ń bi ọ́ o.*

Ẹ dákẹ́. Ẹ má gbè é mọ́. Kò tún kọrin mọ́.

Oòrùn kò tíì wọ̀ tí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í run Àwẹ̀ró. Inú náà dì, ó tú. Ó dì, ó tú. Ẹ̀jẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀, tó, tó, tó. Ọdẹ́rìndé sáré sọdá odò, ó lọ gbé Ìyá Ẹfúnkẹ́ sẹ́yìn wá. Agbẹ̀bí wọlé, ó fọwọ́ kan ikùn Àwẹ̀ró, ó yíjú sí Ewúrẹ́, Ọ̀bọ àti Ìyá Ọdẹ́rìndé tí wọ́n ti pé jọ síbẹ̀.

"Kí ló mu?"

Ewúrẹ́ ní, "Ewé lásán ni."

"Kí ló mu?"

Ọ̀bọ ní, "Àgbo tí gbogbo ayé ń mu náà ni."

"Kí ló mu?"

Ìyá Ọdẹ́rìndé ní, "Omi gbígbóná ni."

Ìyá Ẹfúnkẹ́ ní, "Ẹ gbọ́. N kò tíì bínú, kò sì sí àyè ìbínú. Bí mo bá mọ ohun tó wọ inú rẹ̀, mo lè mọ ọ̀nà tí n ó gbà. Bí n kò bá mọ̀, ojú fífọ́ ni mo fi ń wá ọ̀nà. Ẹ dárúkọ rẹ̀ fún mi."

Wọ́n ń wo ara wọn. Ewúrẹ́ ń wo Ọ̀bọ, Ọ̀bọ ń wo Ìyá, Ìyá ń wo ilẹ̀. Ènìyàn wà níwájú wọn tó ń kú lọ, ojú ń tì wọ́n láti sọ orúkọ ewé. Ojú kò tì wọ́n nígbà tí wọ́n ń já a sínú omi o. Ìgbà tí agbẹ̀bí ń béèrè ni ojú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tì wọ́n.

Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, láàárín ìrora, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́. Kí ó tó sọ̀rọ̀ tán, ọmọ ti jáde. Ọmọbìnrin ni. Kò ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kan lọ, kò sì ké.

Ìyá Ẹfúnkẹ́ jà fún ẹ̀mí Àwẹ̀ró títí ilẹ̀ fi mọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì bà á. Lẹ́yìn náà ló mú igi, ó ro ìkòkò náà láti ìsàlẹ̀ dókè. Gbogbo ewé ti jinná di ẹyọ kan. Ọdẹ́rìndé ní, "Ìyá, èwo nínú wọn ni?"

Agbẹ̀bí ní, "N kò mọ̀. Ó lè jẹ́ ọ̀kan. Ó lè jẹ́ gbogbo wọn nígbà tí wọ́n pàdé. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀ láéláé."

Ó di ọjọ́ keje. Àwọn ará ilé wá kí Àwẹ̀ró kú àmúmọ́ra. Wọ́n ní, "Omi ló dànù, agbè kò fọ́." Ẹ wo bí ẹnu wọn ṣe dùn. Kí ni wọ́n gbé dání? Ewé ni. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi fọ inú rẹ̀ mọ́. Ewúrẹ́ ti tún já tirẹ̀, Ọ̀bọ ti tún da tirẹ̀, Ìyá ti tún koná mọ́ ọn, ìkòkò kan náà ni, wọn kò da ti àná nù. Ìkòkò ń hó, kútú, kútú, kútú.

Àwẹ̀ró jáde láti inú yàrá. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, orí ìkúnlẹ̀ ló ti máa ń bá wọn sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ náà kò kúnlẹ̀. Ó mú igbá mẹ́ta, ó bu àgbo sí wọn, ó gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan lé wọn lọ́wọ́.

Ó ní, "Ẹ mu ún."

Ewúrẹ́ ní, "Èmi kò lóyún."

"N kò bi yín bẹ́ẹ̀. Ẹ ní ewé rere ni. Ẹ mu ún."

Ewúrẹ́ gbóòórùn igbá, ó fà sẹ́yìn. "Ewé tèmi dára. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí Ọ̀bọ fi sí i."

Àwẹ̀ró yíjú sí Ọ̀bọ. "Ẹ mu ún."

Ọ̀bọ ní, "Gbòǹgbò tèmi kò lẹ́bi. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí Ewúrẹ́ àti Ìyá fi sí i."

Àwẹ̀ró ní, "Èmi náà kò mọ̀. Mi ò mọ̀ lọ́jọ́ kìíní, mi ò mọ̀ lọ́jọ́ kejì, mi ò mọ̀ lọ́jọ́ kẹta. Ẹ̀yin tí ẹ sè é kò lè mu ún, ẹ wá dà á fún ọmọ tí kò tíì léyín lẹ́nu. Nígbà tí mo ní kí n lọ béèrè, ẹ ní mo pè yín lájẹ̀ẹ́. Mi ò pè yín lájẹ̀ẹ́ nígbà náà. Kí lẹ fẹ́ kí n máa pè yín báyìí?"

Ìyá Ọdẹ́rìndé nìkan ló gbé igbá tirẹ̀ sókè. Kò sọ pé ewé òun dára, kò sọ pé òun kò mọ̀. Ó gbé e dé ètè, ó fẹ́ mu ún.

Àwẹ̀ró gbá igbá náà dànù lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Kò ní pa ẹnikẹ́ni mọ́ nínú ilé yìí." Ó fi ìró di etí ìkòkò mú, ó gbé e kúrò lórí ààrò tòun ti gbígbóná rẹ̀, ó là á mọ́lẹ̀, gbàgà. Ó fọ́ sí wẹ́wẹ́, àgbo náà sì ṣàn lọ sí ẹ̀yìn ọgbà. Koríko tó ṣàn kọjá gbẹ kó tó di ọjọ́ kejì.

Ọ̀bọ fò gun igi, kò sì tún gbé àárín ènìyàn mọ́ títí di òní. Ewúrẹ́ ń gbìyànjú láti sọ nǹkan, ẹnu rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ọ̀rọ̀ kò jáde. Ẹ wo ewúrẹ́ tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Kò jẹ nǹkan kan, ẹnu rẹ̀ sì ń lọ.

Mo ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ bi mí. Ẹ fẹ́ kí n sọ pé Àwẹ̀ró tún bímọ. Bó bí mẹ́wàá, ṣé wọ́n lè jẹ́ ẹni tó ń kọrin sí i lábẹ́ igi? Ẹ fi í sílẹ̀.

Ohun tí ààlọ̀ mi ń kọ́ wa nìyí. N kò sọ pé ewé burú, nítorí ewé ni wọ́n fi wo èmi náà sàn nígbà tí mo wà léwe. Mo ní kí aboyún má mu ohun tí kò mọ orúkọ rẹ̀, tí kò mọ ìwọ̀n rẹ̀, tí ẹni tó mọ iṣẹ́ kò tíì bi í pé oṣù mélòó. Kí ó béèrè lọ́wọ́ agbẹ̀bí, kí ó béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn. Bó bá sì ti mu ún, kí ó sọ ọ́, kí ó má fi pamọ́. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ la ẹnu yín. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, bí ìyàwó bá ní òun fẹ́ kọ́kọ́ béèrè, ẹ bá a gbé ewé náà dání, kí ẹ jọ lọ. Àti ìwọ ìyàwó tí o ń gbọ́ mi, jẹ́ kí wọ́n bínú. Ìbínú àgbà a máa tán. Ọmọ tó bá lọ kì í padà.

Ibi tí mo bá ààlọ̀ mi dé rèé, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bí mo bá fi irọ́ là á, kí ahọ́n mi wúwo lẹ́nu mi. Bí òótọ́ bá ni, kí ẹni tó ní ìkòkò lórí iná dìde nísinsìnyí, kó lọ wo ohun tó wà nínú rẹ̀.